Igi tó dà bí ìgbálẹ̀: ọwọ́ ló ń tọ́ ọ, ebi kọ́

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Orí fóònù ni mo ti máa ń ka ìwé ìròyìn yín níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, torí onídìrí ni mí, ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń kà á, mi ò sì kọ̀wé sí yín rí. Ohun tó jẹ́ kí n kọ eléyìí ni lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹni tó kọ ọ́ sọ pé àwọn igi kéékèèké tí àwọn ará Jàpáànù máa ń gbìn sínú àwo, ìyẹn bonsai, igi tí wọ́n febi pa ni, pé ìwà ìkà ni, pé igi tó yẹ kó ga ju ilé pẹtẹ́ẹ̀sì lọ ni wọ́n so lókùn tí wọ́n fi oúnjẹ dù títí tó fi di aràrá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mí, torí pé mo ní mẹ́rin nínú irú igi yẹn ní bákónì mi, láti orí hóró ni mo ti tọ́ wọn, mo sì mọ iye ìgbà tí mo ti fi oúnjẹ tèmi sílẹ̀ lórí tábìlì kí n tó lọ fún wọn lómi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ebi yẹn. Igi tí ebi bá ń pa kì í di arúgbó nínú àwo, ewé ẹ̀ á pọ́n, á wọ̀ dànù, ó parí. Tèmi, láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo ń fún wọn ní ajílẹ̀ olómi, tí ooru bá wá mú gan-an ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo ń bomi rin wọ́n. Ohun tó ń jẹ́ kí igi náà kéré ni pé à ń gé e lókè, à ń gé e nísàlẹ̀, ẹ̀ka lókè, gbòǹgbò nísàlẹ̀, tí ẹ bá sì gé gbòǹgbò tó ki, wẹ́wẹ́ ló máa fi rọ́pò ẹ̀, àwọn wẹ́wẹ́ yẹn ló sì mọ omi í mu jù. Àwa onídìrí mọ irú nǹkan báyìí, irun tí ẹnu ẹ̀ bá ti ń já, gígé ló ń gba ìyókù là.

Nílùú Washington ní Amẹ́ríkà, nínú ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní National Arboretum, igi páìnì kan wà níbẹ̀ nínú àwo, láti ọdún 1625 ni wọ́n ti ń tọ́ ọ. Ìdílé Yamaki ló ni ín ní ìlú Hiroshima ní Jàpáànù. Nígbà tí Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí ìlú yẹn ní 1945, ilé wọn ò jìnnà síbi tó ti bú, bíi kìlómítà mẹ́ta péré ni, ògiri ọgbà wọn ló bo igi náà. Ní 1976 Masaru Yamaki fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ, kò sọ ìtàn bọ́ǹbù kankan fún wọn, àfi ìgbà tí àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ wá wò ó ní 2001 ni àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ tó gbọ́. Ẹ bá mi wò ó, igi tí wọ́n febi pa, ṣé ó lè lo 400 ọdún kó ṣì máa yọ ewé tuntun?

Bonsai pọ̀ lóríṣiríṣi ṣá. Àwọn kan wọ́, àwọn kan tẹ̀ bí ẹni tí atẹ́gùn ń gbá, àwọn kan ya sísàlẹ̀ bí omi tó ń dà láti orí àpáta. Èyí tí mo fẹ́ràn jù, òun náà ni mo sì fẹ́ bá yín sọ, ni èyí tí wọ́n ń pè ní hōkidachi. Hōki, ìgbálẹ̀ nìyẹn lédè wọn. Ẹ mú ọwọ̀ kan nílé, èyí tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe gan-an, ẹ yí i kí ìdí tí wọ́n so wà nísàlẹ̀ kí ẹnu ẹ̀ wà lókè, kó tú ká díẹ̀, ẹ ti rí igi náà nìyẹn. Ara ẹ̀ á nà gbọnrangandan, kò ní tẹ̀ síbì kankan, tó bá dé bí ìdá kan nínú mẹ́ta gíga ẹ̀, gbogbo ẹ̀ka á wá yọ lójú kan náà, wọn á máa pín sí méjì méjì lọ sókè títí ẹnu wọn á fi tín bí irun ọmọ tuntun, orí ẹ̀ á wá rí rogodo bí agboòrùn tí a ṣí. Igi tí wọ́n máa ń fi ṣe é jù ni keyaki, tí wọ́n ń pè ní zelkova níbí, ìbátan igi elm ni. Bí keyaki ṣe máa ń dàgbà fúnra ẹ̀ náà nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n fipá mú un, ẹni tó bá dé títì Omotesando ní Tokyo á rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, òun náà sì ni igi tí ìpínlẹ̀ Saitama fi ṣe àmì ara wọn. Saitama yìí náà ni abúlé bonsai ti Omiya wà. Ní 1923 ilẹ̀ mì tìtì ní Tokyo, ilé jó, ọgbà bàjẹ́, àwọn tó ń tọ́ igi bá ń wá ibi tí ilẹ̀ àti omi ti dára, 1925 ni wọ́n tẹ abúlé yẹn dó, ó wà níbẹ̀ dòní, wọ́n sì ti ṣí mùsíọ́ọ̀mù bonsai ládùúgbò ẹ̀ láti 2010. Mi ò tíì débẹ̀, mo ń tu owó ẹ̀ jọ.

Wàyí o, ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an tí mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín gbọ́ ni pé igi ìgbálẹ̀ yìí, láti kékeré la ti ń tọ́ ọ, tó bá ti dàgbà kọjá, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bonsai mìíràn, tí ara ẹ̀ bá ní àbùkù, ẹ lè fi wáyà tẹ̀ ẹ́, ẹ lè fi ewé bo ojú ibẹ̀, ẹ lè yí àwo ẹ̀ kí ẹ̀yìn ẹ̀ di iwájú. Ìgbálẹ̀ ò ní ibi tó lè sá sí. Tí ìgbà òtútù bá dé tí ewé ẹ̀ rẹ̀ tán, ó dúró níhòòhò nìyẹn, ojú kan tí gbogbo ẹ̀ka ti pín yẹn lẹnikẹ́ni á kọ́kọ́ wò, tí ibẹ̀ bá ti wú tàbí tó ti wọ́, bẹ́ẹ̀ ló máa wà títí. Àwọn oníbàárà mi máa ń gbé igi elm wá fún mi, èyí tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, tí ara ẹ̀ wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, wọ́n á ní Àǹtí ẹ bá wa sọ ọ́ di bíi tiyín. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ bó ṣe wà, ó lẹ́wà tiẹ̀, kí wọ́n wá lọ gbin hóró.

Ti hóró yìí náà, ẹ ṣọ́ra. Ní 2014 mo ra páálí kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára pé hóró bonsai, àwòrán igi arẹwà kan wà lójú páálí, wọ́n ní kí n gbìn ín kí n bomi rin ín, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré á hù. Mo dúró títí oṣù márùn-ún, ẹyọ kan ò hù. Kò sí nǹkan tó ń jẹ́ hóró bonsai o, ẹ̀yin èèyàn mi. Hóró keyaki tí ẹ bá gbìn sínú àwo, òun náà lẹ́ ẹ bá gbìn sẹ́yìnkùlé tí á ga ju òpó iná lọ, ohun tí ọwọ́ yín bá ṣe fún un ló máa yà á sọ́tọ̀. Wọn ò sì sọ fún mi nínú páálí yẹn pé hóró igi ilẹ̀ òtútù gbọ́dọ̀ sun oorun òtútù kó tó jí. Bàbá òyìnbó arúgbó kan tí mo bá pàdé níbi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn òdòdó ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo wá ra ọgbọ̀n hóró lọ́wọ́ àwọn tó ń ta hóró igi gidi. Mo rẹ wọ́n sómi fún ọjọ́ kan, èyí tó léfòó mo dà á nù, èyí tó rì mo pò ó mọ́ iyanrìn tútù nínú ọ̀rá, mo kó o sí ìsàlẹ̀ fíríìjì fún oṣù méjì, mo kọ ọ́ sí i lára pé kì í ṣe oúnjẹ o, torí àwọn ọmọ. Oṣù kẹta mo gbìn wọ́n. Mọ́kànlá ló hù. Mo pariwo débi pé ará ilé wa tó wà nísàlẹ̀ kan ilẹ̀kùn láti béèrè bóyá kò sí wàhálà.

Ọdún kejì, kí ewé tó yọ, mo tú wọn wo gbòǹgbò. Igi tó bá ti orí hóró hù, gbòǹgbò kan ṣoṣo ló máa ń rán lọ sísàlẹ̀ bí kárọ́ọ̀tì. Ẹ gé ìyẹn, ẹ fi àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílẹ̀, ẹ tẹ́ wọn yí ká lórí táìlì pẹlẹbẹ kan, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ àti yẹ̀pẹ̀ tí kì í gba omi dúró bò ó. Táìlì yẹn ò ní jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà lọ sísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n á máa gbà, tó bá fi máa di ọdún márùn-ún ìdí igi náà á ti fẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìdí àràbà. Ẹni tó bá fo ibí yìí, igi ẹ̀ á dà bí igi tí wọ́n kàn rì mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn mo kó wọn sínú ike ńlá, mo so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọ̀pá kó lè dúró ṣánṣán, mo wá fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jẹ kí wọ́n mu, odindi ọdún mẹ́ta. Wọ́n ga ju ọmọ mi lọ. Ìparí oṣù kejì 2019, tí òtútù ṣì wà, tí èéhù ò tíì wú, tí ara wọn ti tó àtàǹpàkò mi, mo mú ayùn, mo gé àkọ́kọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 10 sókè ìdí ẹ̀. Kò ku ẹ̀ka kan, kò ku nǹkan kan, kùkùté lásán. Ọkọ mi rò pé mo ti pa á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń yọjú wò ó láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan mo rí i, lẹ́nu ibi tí mo gé, láàárín èèpo àti igi gan-an, àwọn tótòtó pupa ti yọ yí ká, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, bí eyín ọmọ ọwọ́ ṣe máa ń yọ. Mẹ́sàn-án ni. Inú mi dùn débi pé mi ò lè já ọ̀kan kan, mo fi gbogbo wọn sílẹ̀, mi ò sì fi nǹkan kan di ẹnu egbò yẹn lámùrè. Àṣìṣe tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ̀ka mẹ́sàn-án lójú kan ṣoṣo, oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀ jù, kó tó di oṣù kẹjọ ibẹ̀ ti wú gúdúgbá bí ìkúùkù, mo gbẹ́ ẹ, ó tún wú. Òun ni mo ṣe sọ pé tó bá ti bàjẹ́ ó bàjẹ́.

Àwọn tó kù, mo ti gbọ́n. Tí mo bá ti gé e, mo máa ń mú okùn ìko tí mo ti rẹ sómi, mo fi wé abẹ́ ojú egbò náà dáadáa, ìlọ́po bíi mẹ́wàá, tó bá gbẹ á fún mọ́ ọn, èèpo ò ní ráyè wú. Mo fi oògùn ojú egbò igi kun òkè ẹ̀. Tí èéhù bá wá yọ, màá dúró kí wọ́n gùn tó ìka ọwọ́, màá wá yan mẹ́rin, wọ́n gbọ́dọ̀ jìnnà síra wọn bákan náà yí ká, ìyókù màá rọra já wọn. Mẹ́rin yẹn náà, wọ́n máa ń fẹ́ na apá sẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ìgbálẹ̀ kì í na apá, òkè ló ń lọ. Ẹ kó wọn jọ sókè jẹ́jẹ́ kí wọ́n tó gan, ẹ fi òwú so wọ́n, kó dẹ̀, kó má gé wọn lára, oṣù méjì mẹ́ta ẹ tú u. Ìko ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù kó má lọ jẹ wọnú èèpo.

Látìgbà yẹn lọ, ìṣirò ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yọ ewé bíi mẹ́fà, ẹ gé e ku méjì. Ìdí ewé kọ̀ọ̀kan ní èéhù tiẹ̀, méjì á yọ, mẹ́rin á di mẹ́jọ, mẹ́jọ á di mẹ́rìndínlógún. Ẹ má jẹ́ kó di mẹ́ta lójú kan, ńṣe ló máa wú. Òkè ló máa ń lágbára jù, ẹ tètè máa gé e, kí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ lè bá a. Àwọn kan máa ń já gbogbo ewé ẹ̀ lóṣù kẹfà kí èyí tó kéré lè yọ, èyí tí ara ẹ̀ le nìkan ni mo máa ń ṣe é fún, ọdún kan ó ṣe, ọdún kejì ó sinmi. Àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé irun ọmọdé ni mo fi ń ṣe gbogbo ẹ̀, mo ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún un.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti oṣù kọkànlá. Ewé á ti pọ́n, á ti rẹ̀, ẹ̀ka nìkan ló kù, ni mo máa wá mú òwú dúdú tí mo fi ń kó irun ní ṣọ́ọ̀bù, mo máa kó gbogbo ẹ̀ka yẹn jọ lọ sókè, mo máa fi òwú yí wọn ká láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu, bí ìgbà tí mo bá ń ṣe ṣùkú fún ọmọ gẹ́lẹ́. Àwọn ará Jàpáànù náà máa ń dì í báyìí nígbà òtútù kí ẹ̀ka má baà ya sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oṣù kejì màá tú u. Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn sọ pé wọ́n so igi lókùn. Òótọ́ ni, mo so ó. Ṣé ọmọ tí a kó irun fún, ìyà la fi jẹ ẹ́ ni?

Ẹ má wò ó pé ará Lọ́ńdọ̀nù ló ń sọ̀rọ̀ o. Àbúrò mi obìnrin ní Ìbàdàn bẹ̀ mí pé kí n fi hóró keyaki ránṣẹ́, mo kọ̀, kò ní rí oorun òtútù sùn ní Ìbàdàn, ìyà lásán ló máa jẹ. Mo ní kó lọ sí Sábó, kó ra àjàgbọn, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní tsamiya, kó jẹ ara ẹ̀ kó gbin hóró ẹ̀. Ó rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó hù. Ewé àjàgbọn wẹ́wẹ́ ló rí, alẹ́ ó máa ń pa á dé bí ẹni tó ń palẹ̀ oorun mọ́, igi tó sì ṣeé tọ́ dáadáa ni. Ó tún gé ẹ̀ka ọdán kan gbìn, ọdán tí a mọ̀ náà, tó ń ṣíji bo ọjà wa látayébáyé, òun ò le rárá, ẹ kàn gé e gbìn ni, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gé e oje funfun á máa sun, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ẹ má bẹ̀rù. Ọ̀dọ̀ yín kò sí ìgbà òtútù tí ẹ máa dúró dè, ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ gé e, tí ara igi ń yá gágá. Ti àbúrò mi ti lo ọdún méjì báyìí, ó fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́jọ́ Àìkú, ìdí ẹ̀ ti ń fẹ̀ lórí táìlì, kò tíì tó gé. Ó ń bi mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ṣé kí òun gé e. Mo ní kó dúró.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde kí àwọn tó ka tọ̀hún lè ka tèmi náà, tí àyè bá sì wà ẹ fi fọ́tò tí mo so mọ́ ọn sí i. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà níbẹ̀, oṣù kìíní ni mo yà á, wọ́n ṣì wà nínú òwú. Èyí tó wà lápá òsì, tí ọrùn ẹ̀ wú, òun ni àkọ́kọ́ yẹn. Mi ò jù ú nù. Òun ló máa ń kọ́kọ́ yọ ewé nínú gbogbo wọn lọ́dọọdún, kí ti àwọn yòókù tó là.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onídìrí kan láti gúúsù Lọ́ńdọ̀nù